Ariwo kọ́ ni orin

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, kí orin lọ sókè kọ́ ni kó dùn.

Lọ́dún 1964, Walt Disney ṣe ibi ìgbafẹ́ kan síbi àfihàn àgbáyé ní New York. Èèyàn á wọ ọkọ̀ ojú omi, á máa wo àwọn ọmọlangidi tó múra bí ọmọdé oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Orin orílẹ̀-èdè kálukú ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí wọn lẹ́nu. Háà, ariwo ọjà ló dà! Ni Disney bá ní kí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Sherman, Robert àti Richard, kọ orin kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Ìyẹn ni "it's a small world". Bí ọkọ̀ ṣe ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn, èdè ń yí, ohun èlò orin ń yí, àmọ́ orin kan náà ni. Kò sẹ́ni tó ń bo ẹnì kejì mọ́lẹ̀.

Èmi tí mò ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn jẹun lóde àríyá mọ ìyẹn lóògùn. Tí òde bá di méjì ládùúgbò kan, wọ́n á ní, "Brọ̀dá, ẹ yí i sókè, tiwọn ti bo tiwa!" Ní báyìí, etí mi òsì ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́rọ̀ mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá aládùúgbò yín fẹnu kò kẹ́ ẹ tó pè mí sóde. Etí kan tó kù yìí, mo ṣì nílò ẹ̀.