Owó Ilé Kò Dọ́gba

Àwọn tọkọtaya tí ń wá ilé ni a ní lọ́kàn bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ di ₦70,000. Òfin náà kan Èkó, ó kan Ìbàdàn, ó sì kan Ìsẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó sọ owó ilé ibẹ̀ di ọ̀kan náà. Ẹni tí ń gba iye yìí ní ₦840,000 ní ọdún. Bí owó ilé rẹ̀ bá jẹ́ ₦280,000, ìdámẹ́ta ti lọ kí ó tó ra iyọ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń gbé agbo ilé bàbá rẹ̀ ní Ìbàdàn kò san ju ìpín tirẹ̀ nínú àtúnṣe òrùlé lọ. Owó iṣẹ́ wọn dọ́gba, ẹrù wọn kò dọ́gba.

Ní Èkó pàápàá, àdúgbò yàtọ̀ sí àdúgbò. Òfin ilé gbígbé ti ọdún 2011 kọ̀ fún onílé láti gba ju owó ọdún kan lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Síbẹ̀ ó yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀.

Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ṣe ń kó lọ sí Ìkòròdú, tàbí sí Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwa pẹ̀lú ti gbé irú ibẹ̀ rí. Nínú ìwé ìṣírò ilé wa, ojú ìwé kan náà ni a ń kọ owó ilé àti owó ọkọ̀ sí, a sì rí i pé ohun tí onílé kò gbà, awakọ̀ gbà á. Èyí tí a kò rí kọ ni pé àwọn ọmọ ń sùn nígbà tí a bá ń jáde, wọ́n a sì ti sùn kí a tó dé. Reluwé tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Agbádó dé Oyíngbò ní ọdún 2024 jẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tí ń gbé ní ìtòsí rẹ̀; àwọn tí ó jìnnà sí i ṣì wà nínú wàhálà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó san owó, ẹ ro owó ilé, owó ọkọ̀ àti wákàtí ojú ọ̀nà pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi ẹni tí ń gbé ilé bàbá rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀yin onílé tí ẹ wà nínú ìjọ, nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi owó kún owó, ẹ rántí pé owó oṣù ayálégbé yín kò yí padà nítorí àdúgbò tí ilé yín wà.