Bélúbélú Kì í Ṣe Ohun Gígé

Nígbà tí ikọ́ ń bá àkọ́bí wa jà nílé wa ní Bódìjà, ìyá ọkọ mi ní kí a pe onígbàjámọ̀ kí ó wá gé bélúbélú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ wò ó." Wọ́n gbà.

Àṣà gígé bélúbélú ti pẹ́, pàápàá nílẹ̀ Haúsá. Ṣùgbọ́n ẹran kékeré tí ó so rọ̀ lẹ́yìn àjà ẹnu yìí ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí a bá ń gbé oúnjẹ mì, òun àti ẹ̀yìn àjà ẹnu a gbéra sókè, wọn a dí ọ̀nà imú. Ó ń tú itọ́ jáde kí ọ̀fun má baà gbẹ, ó sì ń ran ọ̀rọ̀ sísọ lọ́wọ́. Bí ó bá wú, àìsàn ni ó sábà máa ń fà á. Gígé e kò wo àìsàn náà sàn. Abẹ tí kò mọ́ sì lè fa ìsun ẹ̀jẹ̀ tàbí àrùn ipá, èyí tí ó lè pa ọmọ.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín kò bá lè gbé nǹkan mì tàbí mí dáadáa, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.