Ìsinmi Wa ní Ìkẹjà

Ní ọdún 1979, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, bàbá mi kó wa sínú ọkọ̀ Volkswagen rẹ̀, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ìjàpá, ó sì wà wá láti Àrámọkọ-Èkìtì lọ sí Ìkẹjà, kí a lọ lo ọjọ́ mẹ́wàá nílé àbúrò rẹ̀. Olùkọ́ ni bàbá mi. Owó Údójì tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́ ní 1975 ni ó fi ra ọkọ̀ náà ní àlòkù, kò sì tíì fi í rin ìrìn tí ó jìn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ mẹ́fà ni wá. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì dúró ti ìyá àgbà nílé; àwa mẹ́rin yòókù há mọ́ra lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú àpò iṣu àti garawa epo. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé a ń lọ sinmi.

Ẹni tí kò bá mọ GRA Ìkẹjà ní ayé ìgbà náà lè rò pé àsọdùn ni mo ń sọ. Àwọn òyìnbó ìjọba ni wọ́n máa ń ya irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fún kí a tó gba òmìnira. Nígbà tí wọ́n lọ tán, àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ tiwa bọ́ sípò wọn. Ilé kan níhìn-ín, ilé kan lọ́hùn-ún, koríko tí a gé mọ́lẹ̀ bí orí ọmọ tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá sì wà láàárín wọn. Ènìyàn lè dúró lẹ́nu géètì láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán kí ó má rí ẹni kan tí yóò kí. Ohun tí ó ń rán wa létí pé Èkó ni a wà ni fèrè ọkọ̀ ojú irin láti ibùdó Ìkẹjà, àti ariwo ọkọ̀ òfuurufú tí ń sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Ìkẹjà (bẹ́ẹ̀ ni a ń pe àbúrò bàbá mi) mú wa lọ wo pápákọ̀ òfuurufú Múrítàlá Mùhámmẹ̀d tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹta ọdún náà. Àwọn àbúrò mi sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní tèmi, búrẹ́dì Agége tí a ń jẹ láràárọ̀ ni mo rántí jù.

Bàbá Ìkẹjà àti ìyàwó rẹ̀ ti gbé pọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án láìrí ọmọ bí. Ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́ jáde. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹfà, mo lọ gbé omi ní ilé ìdáná, mo sì gbọ́ ohùn Mọ́mì Ìkẹjà láti yàrá tí ó kángun sí i. Ó ní, "Èyí obìnrin àgbà yẹn ni kí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Ó mọ iṣẹ́ ilé, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́." Ìgbà náà ni ó yé mi pé ìsinmi wa ní ìdí. Owó ilé-ẹ̀kọ́ girama ọmọ mẹ́ta ni bàbá mi ń san lọ́wọ́, ti ẹ̀kẹrin sì ń bọ̀ lọ́nà. Ẹni tí ó bá gba ọmọ kan lọ́wọ́ rẹ̀ gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

N kò jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe ní ọjọ́ kejì fún ẹnikẹ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mọ́mì Ìkẹjà ní ife onídìí gígùn mẹ́fà tí ó rà bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, kì í sì í jẹ́ kí ọmọ ọ̀dọ̀ fọ̀ wọ́n. Èmi ni ó fún láti nù wọ́n, nítorí pé ó fọkàn tán mi. Mo fi igbá-ọwọ́ mi ti ọ̀kan kúrò lórí tábìlì, ó bọ́ sílẹ̀, ó fọ́. Kò nà mí. Ó kàn wo ilẹ̀, ó wò mí, ó ní kí n lọ mú ìgbálẹ̀. Láti ìgbà náà kò tún pè mí sí ilé ìdáná mọ́. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán níṣẹ́.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ, a gbéra. Ọjọ́ Sátidé ni wọn yóò dìbò yan Ààrẹ, Àrámọkọ sì ni bàbá mi ti forúkọ sílẹ̀. Àbúrò mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́gádì, ó wọ bàtà tuntun. Wọ́n ti sọ fún un pé kí ó dúró lo ìyókù ìsinmi rẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ dágbére fún Bàbá Ìkẹjà, ó ń pè é ní "ọkọ mi", nítorí pé a ti bí i kí ó tó dé ilé wa bí ìyàwó. Obìnrin kì í bá ọkọ du ọmọ. N kò mọ̀ bí ẹnikẹ́ni ti bi í léèrè rárá.

Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 ni a gbà wá, ṣùgbọ́n bàbá mi ní ọ̀nà Abẹ́òkúta ni a óò gbà padà, kí a lè rí ìlú. Bí a ti ń la Agége kọjá, ó ń sọ̀rọ̀ ṣáá. Ó ní kí a tó gbọ́ kòkó ní Èkìtì, Agége ni àwọn olóko ńlá bíi J. K. Coker ti ń gbìn ín, tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1907. Pé àwọn alágbàṣe láti òkè wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì gbé e lọ sí ìlú wọn. Ó ní, "Ẹni tó bá kúrò nílé ló ń mú nǹkan wálé." Ìyá mi kò dáhùn. Bàbá mi fi Òkè Olúmọ hàn wá láti inú ọkọ̀. Ní Ìbàdàn, níbi tí a sùn, ó ní kí a ka àjà Ilé Kòkó, a ka mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ní Ìkirè, ìyá mi ra dòdò, ó pín in, ó sì ku ewé kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e lé itan títí a fi kọjá Ifẹ̀.

Nígbà tí a kúrò ní Iléṣà, tí ọkọ̀ ń fa ara rẹ̀ gun òkè Ẹ̀fọ̀n, ìyá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá wọn, Ajáṣin ti wọlé gómìnà láti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá. Ẹgbẹ́ wọn ní ọ̀fẹ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ yóò jẹ́, àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama."

Bàbá mi ní, "Ẹnu olóṣèlú nìyẹn."

"Ẹnu Awólọ́wọ̀ kọ́ ni ti 1955? Kíláàsì tí ẹ ń kọ́ nígbà náà kò ha kún fún ọmọ tí kò san kọ́bọ̀?"

Ọkọ̀ ń gbóná. Bàbá mi dúró, ó ní òun fẹ́ bu omi sí i. Ó gbàgbé pé Volkswagen kì í lo omi. Afẹ́fẹ́ ní ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù. Ó ṣí ìdérí ẹ̀yìn, ó dúró síbẹ̀ pẹ́, ó sì tún pa á dé. Ó wọlé, ó ń wakọ̀ lọ sílé.

Ìjọba alágbádá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fagi lé owó ilé-ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ Òndó, tí àwa Èkìtì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, àti ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tí ẹgbẹ́ UPN ń ṣàkóso. Bàbá mi lọ sí Ìkẹjà nígbà Kérésìmesì láti mú ọmọ rẹ̀ wálé. Òun nìkan ni ó padà. Ó ní ọmọ náà ti ń pe obìnrin náà ní Mọ́mì láìsí Ìkẹjà nínú rẹ̀, òun kò sì lè ṣí ẹnu òun. Ìyá mi wọ yàrá lọ. Wọn kò sọ̀rọ̀ náà mọ́ lójú wa títí tí àwọn méjèèjì fi kú.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi àti àbúrò mi jọ ń lọ sílé, a sì dúró ra dòdò ní Ìkirè. Níbẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ife náà fún un. Ó ní, "Mo mọ̀, Àǹtí mi. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà. Mo rí i bí ẹ ṣe tì í." Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní ìdí tí mo fi ṣe é kò yé òun títí di ọjọ́ tí ọkọ̀ wa jáde ní géètì láìsí òun nínú rẹ̀. Nígbà tí ó sì yé òun, kò sí ẹni tí òun lè sọ ọ́ fún mọ́. Ó na ewé dòdò náà sí mi.