Arò Póùn Nàìjíríà ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Póùn ilẹ̀ wa, ó dìgbéré! Oṣù Agẹmọ 1959 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ọ jáde. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹẹrẹ 1973, náírà ti gorí ìtẹ́ rẹ. Ọdún 14 kò pé! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí o dé kò tíì jáde ilé ìwé girama tí o fi lọ.

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ mọ̀ ọ́ dáadáa. Ìyá tó ṣe epo l'Ókìtìpupa, tó ru oúnjẹ púpurú lọ bá àwọn Ìlàjẹ ẹlẹ́ja ní Igbókọ̀dá, ìwọ ló ń so mọ́ etí aṣọ bọ̀ wálé.

Àwọn ọmọ rẹ dà? Ṣílè dà, tí ọ̀pẹ wà lára rẹ̀, ọ̀pẹ tó ń bọ́ Ìkálẹ̀? Sísì oníkòkó dà? Tọ́rọ́ dà? Kọ́bọ̀ àti ẹ́pìnnì oníhò dà? Kọ́bọ̀ méjìlá ní ń bẹ nínú ṣílè, ogún ṣílè nínú rẹ. Ìyá tí kò mọ̀wé ń ṣírò gbogbo rẹ̀ sórí, kì í ṣì í.

Akọni ni ọ́. Ní oṣù Bélú 1967 tí Gẹ̀ẹ́sì dín iye póùn tirẹ̀ kù, ìwọ ò yẹsẹ̀. O níye lórí ju póùn Lọ́ńdọ̀nù lọ. Lọ́dún 1968, ogun Biafra mú kí wọ́n pààrọ̀ bébà rẹ; síbẹ̀ o dìde.

Náírà méjì ló rọ́pò póùn kan. Àwọn àgbà ò tètè gbà: kọ́bọ̀ mẹ́wàá náírà, ṣílè ni wọ́n ń pè é, márùn-ún, sísì ni.

Ohun tó ń dùn mí jù lọ ni ọlá owó kékeré. Ọmọ tó di tọ́rọ́ mọ́wọ́ mọ̀ pé òun lówó. Kọ́bọ̀ náírà tó jogún orúkọ lọ́wọ́ kọ́bọ̀ rẹ kò ra nǹkan kan mọ́; elépo ọjà kò tilẹ̀ ní gbà á.

Pípààrọ̀ owó kọ́ lẹ̀ṣẹ̀. Jíjẹ́ kí iye rẹ̀ ya lulẹ̀ lẹ́yìn náà lẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀yin alákòóso owó, ẹ gbé náírà dìde, kí òógùn ẹni tó ń gun ọ̀pẹ má di asán. Ẹ̀yin ọmọ Ìkálẹ̀, bí ẹ bá bá ṣílè nínú àpótí ìyá àgbà, ẹ má tà á. Ẹ fi han àwọn ọmọ yín, kí ẹ sọ ohun tó rà nígbà ayé rẹ̀ fún wọn.