Fọ́tò Mọ́tò Dé Oníyanrìn

Bí ènìyàn bá ní mọ́tò mẹ́wàá, tí agbo ilé rẹ̀ bá wà ní inú lọ́hùn-ún ní Oníyanrìn, ẹsẹ̀ náà ló máa fi wọlé. Títì ni mọ́tò ń dúró sí. Ọ̀nà tó gba àárín ilé kọjá kò fẹ̀ ju kí ènìyàn méjì yà fún ara wọn lọ. Bí ọ̀kan bá sì ru igbá, èkejì á fara ti ògiri títí onígbá á fi kọjá. Gọ́tà ń ṣàn lápá kan, ewúrẹ́ dùbúlẹ̀ sí apá kejì, páànù orí ilé sì ti dípẹtà láti ilé dé ilé, bó ṣe rí ní Bẹẹrẹ, bó ṣe rí ní Bẹ́yẹrùnkà. Ìbàdàn àtijọ́ nìyẹn. Àwọn tó kọ́ ilé wọ̀nyí kò ro ti mọ́tò mọ́ ọn rárá.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ mọ́tò ló da agbo ilé kan rú níbẹ̀ lápá ìparí ọdún 2023. Ọmọkùnrin ilé náà tó wà ní Ìlú Ọba ló fi fọ́tò ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin lórí WhatsApp. Òun fúnra rẹ̀ rèé nínú fọ́tò, ó wọ kóòtù òtútù, ó gbé ọwọ́ lé mọ́tò pupa kékeré kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Àbúrò pariwo. Ìyá wọn, tó ń ku èlùbọ́ lọ́wọ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, sáré jáde tòun ti ajọ̀ lọ́wọ́. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, agbo ilé ti kún. "Ẹ kú orí ire o!" "Ọkọ̀ á gbé e re o!" Fóònù ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, àfi ìgbà tó dé ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wa kábù.

Ó fi ìka fẹ fọ́tò náà. Ó wò ó títí. Ó ní, "Hẹ̀ẹ́! Micra mà ni."

Gbogbo ilé dákẹ́.

Ẹni tí kò bá mọ Ìbàdàn lè má mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Láti Bẹẹrẹ dé Dùgbẹ̀, láti Ọjà'ba dé Challenge, Micra ni kábù Ìbàdàn. Mẹ́rin sẹ́yìn, méjì síwájú, orúnkún ẹni níwájú àgbọ̀n ẹni. Bó bá kú sójú ọ̀nà, èrò á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á tì í. Kò sí ìyá kan ní Oníyanrìn tó máa gbàdúrà pé kí ọmọ òun lọ sí òkè òkun kó lọ ra Micra.

"Ọmọ mi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ ra kábúkábú?" Bẹ́ẹ̀ ni ìyá ṣe bi wọ́n léèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. (Kì í kúkú ṣe Lọ́ńdọ̀nù lọmọ wà. Ìlú kan tí kò jìnnà sí Sunderland ló wà, ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ibikíbi tí òtútù bá ti ń mú òyìnbó, Lọ́ńdọ̀nù ni lẹ́nu wọn.)

Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà ló sọ èyí tó dunni jù. Wọ́n ti ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tó kù wọ́n kù kí ọmọ yìí tó lè lọ, ìlérí sì ni pé yóò rà á padà fún ẹbí. Bàbá náà ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ó lè jẹ́ pé ìyà ń jẹ ẹ́ lọ́hùn-ún tí kò sọ. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ó ń fowó pamọ́ fún wa ni." Ó dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyà ti jẹ ọmọ náà lóòótọ́ kó tó ra mọ́tò. Kì í ṣe bí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ṣe rò ó ni. Ní oṣù kejì ọdún 2022 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ìlẹ̀kùn físà fún àwọn tó bá fẹ́ wá tọ́jú arúgbó àti aláìlera níbẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wọ́ lọ. (Ìlẹ̀kùn náà kò ṣí pẹ́. Láti oṣù kẹta 2024, ẹni tó bá gba físà náà kò lè mú aya tàbí ọmọ dání mọ́. Nígbà tó di oṣù keje 2025, wọ́n ti í pátápátá fún ẹni tó bá ń bọ̀ láti òkè òkun.) Ọmọ Oníyanrìn wà lára àwọn tó wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Ilé sí ilé ni iṣẹ́ rẹ̀: aago méje àárọ̀, kó ti dé ilé bàbá kan tí kò lè dìde, kó wẹ̀ fún un, kó fún un ní oògùn àti oúnjẹ, aago mẹ́jọ, ilé ìyá kan ní òpin ìlú kejì. Bọ́ọ̀sì kì í tètè dé apá ibẹ̀ láàárọ̀. Ẹni tí kò bá ní mọ́tò, ilé díẹ̀ ni wọ́n ń fún un, ilé díẹ̀ sì ni owó díẹ̀. Ó gun kẹ̀kẹ́ nínú òjò fún oṣù mélòó kan. Ilé tí wọ́n ń pín fún un ń dín kù, ìyá rẹ̀ kò sì gbọ́ sí i.

Kì í ṣe Micra ló kọ́kọ́ rí. Mercedes ńlá kan tó dúdú bíi kóró iṣin ló rí, 1,200 pọ́n-ùn péré. Aláwọ̀ ni ìjókòó rẹ̀, ó ń dán. Kó tó dúnàádúrà rárá ló ti ń fi ojú inú wo fọ́tò tó máa fi ránṣẹ́ sílé. Ẹ má bínú sí i. Ta ló máa rí Mercedes ní iye yẹn tí ojú rẹ̀ kò ní ṣí?

Ká ló jẹ́ Ìbàdàn ni, ó mọ ohun tí èèyàn ń ṣe. Wọ́n á mú mẹkáníìkì dání lọ síbi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀. Mẹkáníìkì á ní kí wọ́n tẹ iná sí i, á fi ọwọ́ bo ẹnu sàlẹ́ńsà, á ṣí ojú epo ẹ́ńjìnnì, á gbóòórùn rẹ̀. Á fi ìka kan ara mọ́tò gbọ́ bóyá wọ́n ti fi nǹkan dí ojú àpá. Bí nǹkan kan bá kù, ọjà Aráròmi wà ní Gate, kò sí ẹ̀yà ara mọ́tò tí wọn kì í tà níbẹ̀. Etí àti imú ni wọ́n fi ń ra mọ́tò nílé.

Lọ́hùn-ún, ìwé ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí wọ́n jọ gbé ilé, tó ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, kò tilẹ̀ bèèrè àwọ̀ mọ́tò náà. Nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ló bèèrè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mọ́tò tó bá ti pé ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ máa lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún. MOT ni wọ́n ń pè é. Gbogbo èsì àyẹ̀wò náà ni ìjọba kó sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́: ọdún tó yege, ọdún tó kùnà, ohun tó mú un kùnà, iye máìlì tó ti rìn. Wọ́n tẹ nọ́ńbà Mercedes náà. Ìpẹtà ti jẹ abẹ́ rẹ̀. Páìpù bíréèkì ti ń jò. Ní 2019, ó ti rin 148,000 máìlì. Ní 2021, ó di 97,000.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò yìí ń rìn padà sẹ́yìn."

Nígbà tó pe ẹni tó ń tà á, onítọ̀hún ní òun á yọ 200 pọ́n-ùn. Ọmọ Oníyanrìn kò dá a lóhùn mọ́, ṣùgbọ́n ó sọ fún àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn náà pé ó dun òun bí ẹni pàdánù ọ̀rẹ́bìnrin.

Ohun tó tún gbé e lọ́kàn ni pé ọwọ́ ẹni tó ń ta mọ́tò ara rẹ̀ lójúde ilé ni, kì í ṣe ilé iṣẹ́. Bí ènìyàn bá rà á lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ta mọ́tò, òfin ọdún 2015 fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá a padà bó bá ní àbùkù tó lágbára. Ẹni tó bá rà á lójúde onímọ́tò, bó bá ṣe bá a náà ló rà á.

Micra pupa náà, ìyá arúgbó kan tí kò lè wakọ̀ mọ́ ló ni ín. Ọdún 2009 ni wọ́n ṣe é. Kò tíì rin ju 61,000 máìlì lọ, àyẹ̀wò rẹ̀ sì mọ́ láti ọdún dé ọdún, àfi táyà tí wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan. 1,350 pọ́n-ùn. Ó san án.

Ó rò pé ó parí. Inṣọ́ránsì ló yà á lẹ́nu. Nítorí pé ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà ló ní, tí kò sì tíì pẹ́ nílùú, wọ́n bu 1,180 pọ́n-ùn fún ọdún kan. Bí ẹni ra mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì ni! Bẹ́ẹ̀ ènìyàn kò gbọdọ̀ wà á láìní i. Bí ọlọ́pàá bá mú ènìyàn, owó ìtanràn 300 pọ́n-ùn àti pọ́íńtì mẹ́fà lórí ìwé ìwakọ̀ ni, wọ́n sì lè gbé mọ́tò náà lọ. Owó orí mọ́tò tí ìyá arúgbó náà ti san kò bá mọ́tò dé ọwọ́ rẹ̀. Láti 2014 ni ẹni tó bá ra mọ́tò ti ń san tirẹ̀ lákọ̀tun kó tó gbé e jáde. Bó bá sì jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù gan-an ló wà, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́, mọ́tò tí èéfín rẹ̀ bá pọ̀ á máa san 12.50 pọ́n-ùn lójúmọ́, ní gbogbo ìlú náà, láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 2023.

Èyí tó wá ń já a láyà jù ni ìwé ìwakọ̀. Oṣù méjìlá péré ni wọ́n gbà kí ẹni tó wá láti Nàìjíríà fi ìwé ìwakọ̀ ilé wakọ̀, kó tó yege ìdánwò tiwọn. 34 pọ́n-ùn fún ìwé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, 23 fún ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, 62 fún ti ojú títì. Owó yẹn kọ́ ni ìṣòro. Ìdúró ni ìṣòro: ènìyàn lè dúró fún oṣù mélòó kan kó tó rí ọjọ́ ìdánwò. Bí oṣù méjìlá bá pé kó tó yege, Micra di ohun ọ̀ṣọ́ níwájú ilé, ó padà sórí kẹ̀kẹ́.

Ní Oníyanrìn, wọn kò mọ gbogbo èyí. Ẹnìkan ṣoṣo ni inú rẹ̀ dùn láìṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè oríṣi mọ́tò: bàbá arúgbó kan nínú agbo ilé tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Bàbá Dẹ́rẹ́bà. Wọ́n gbé fóònù síwájú ojú rẹ̀. Ó ní, "Sítíárìn rẹ̀ ń kọ́? Apá ọ̀tún ló wà?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ òsì títì ni gbogbo Nàìjíríà ń gbà wakọ̀ títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn bọ́ sí ọ̀tún. Ọwọ́ òsì ni bàbá ti kọ́ mọ́tò. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá ti Ìlú Ọba bọ̀ kò lè gbé mọ́tò rẹ̀ wálé kó wà á bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba ọwọ́ ọ̀tún, bíi Bẹ́ljíọ̀mù, Jámánì àti Amẹ́ríkà, ni tòkunbọ̀ ti wá ń wá, ọ̀pọ̀ sì ń gba Kùtọ̀nú wọlé.

Micra ọ̀hún gan-an, tí wọ́n ń yọ ṣùtì sí ní Bẹẹrẹ, Sunderland ni Nissan ti ń ṣe é láti 1992 títí di 2010. Wọ́n á ṣe èyí tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún fún àwọn ará ilé, wọ́n á ṣe ti apá òsì fún àwọn ìlú Yúróòpù yòókù. Ọmọ Oníyanrìn lọ ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n bí kábù Ìbàdàn sí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin oníkábù ló bá wọn fọkàn ṣírò owó náà. Láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Náírà tún wá já lulẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023. Ó ní 1,350 pọ́n-ùn ti lé ní mílíọ̀nù kan náírà. Ariwo tún sọ. Ìyá tún gbé orí sókè. Kó tó di àṣálẹ́, ẹni mẹ́ta ti fi ohùn ránṣẹ́ sí ọmọ lórí fóònù: ọ̀kan ń bèèrè owó ilé ìwé, ọ̀kan owó ìsọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń bèèrè ilẹ̀.

Ìyá pè é lóru. "Ọkọ mi, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, Mà."

"Ṣé wọn kì í fi ṣe kábù níbẹ̀?"

"Wọn kì í fi ṣe é, Mà. Àwọn ìyá àgbà ló ń wà á."

Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá bi í léèrè ní Ọjà'ba, ohun tó ń sọ ni pé mọ́tò àwọn ìyá olówó lọmọ òun rà. Àbúrò náà gbé fọ́tò sí ojú WhatsApp tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó gé ìdí mọ́tò kúrò níbi tí orúkọ rẹ̀ wà.

Ìdánwò àkọ́kọ́, ó kùnà. Ó yà sí ọwọ́ ọ̀tún lórí ìta tó yípo, bí ẹni wà ní Mọ́kọ́lá. Lóṣù kejì 2024, ó rí àyè ẹlòmíràn tí kò wá, ó tún un ṣe, ó yege. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí oṣù méjìlá rẹ̀ pé. Ó ya fọ́tò ìwé tí wọ́n fún un, ó fi ránṣẹ́ sílé. Kò sí ẹni tó pariwo. Bàbá Dẹ́rẹ́bà nìkan ló ní kí wọ́n gbé fóònù wá, kí wọ́n ka ohun tó wà nínú ìwé náà fún òun. Wọ́n kà á tán, ó ní kí wọ́n tún un kà.