Ilà ojú kì í ṣe ìdọ̀tí

Ẹ̀yin èèyàn mi, tẹ́ ẹ bá ní fótò àtijọ́ nínú àpótí nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn fi fóònù yà á kẹ́ ẹ wá pè é ní scan. Òjìji ọwọ́ yín á wọ inú ẹ̀. Scanner ni kẹ́ ẹ wá.

Fótò kan ṣoṣo ló kù nílé wa tó jẹ́ ti ìyá màmá mi nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge. Dúdú òun funfun ni, ínǹṣì 4 sí 6. Wọ́n wé gèlè, pélé mẹ́ta-mẹ́ta hàn ketekete lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn méjèèjì. Mi ò bá wọn láyé, ojú yẹn nìkan ni mo mọ̀. Nígbà tí ìrántí wọn ń bọ̀, èmi ni wọ́n gbé e fún. "Ìwọ lo mọ kọ̀ǹpútà." Ẹ ṣé o, ẹbí mi.

Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ rírọ̀ gbígbẹ nu gíláàsì scanner. Ẹ tẹ Preview, kẹ́ ẹ wá fa ìlà yí àwòrán náà nìkan ká, torí tí funfun ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bá wọ inú ẹ̀, software á ṣi ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún wò. DPI ńkọ́? 300 tó tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe tóbi gan-an. Èmi lo 600, torí wọ́n fẹ́ ẹ ní ìlọ́po méjì.

Ibi tọ́rọ̀ ti le nìyí. Àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ Dust Removal sí. Mo fi sí Low, eruku dín kù. Mo gbé e sí High kí n kàn wò ó, ó kó eruku, ó kó ibi tó ha, ó sì kó pélé lọ! Software ò kúkú mọ ilà. Ìlà tínínrín tó bá ti yàtọ̀ sí ara tó yí i ká, ìdọ̀tí ni lójú tiẹ̀, á wá fi àwọ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bò ó.

Ojú wọn wá ń dán bí ẹyin. Ẹ̀gbọ́n màmá mi tó dúró lẹ́yìn mi pariwo: "Háà, ó mà rẹwà o! Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ayé ti lajú, wọ́n á máa fi ilà yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ lórí WhatsApp."

Màmá mi ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta wá nìyí?"

Èmi ò lè bá àgbà jiyàn. Mo kàn yọ àmì kúrò nínú àpótí yẹn, mo tún un scan látìbẹ̀rẹ̀. Mo wá ṣí i nínú GIMP (ọ̀fẹ́ ni o), mo fi Heal yọ eruku lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibì kan ha gba orí pélé kejì kọjá lápá òsì. Àfi kí n fà á sún mọ́ ojú gan-an kí n tó mọ ibi tí èyí parí sí àti ibi tí tọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀. Ọrùn dùn mí, àmọ́ ó yọ.

Tó bá kan fífi pamọ́: TIFF ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ save, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ̀dà ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa tún ṣe. JPEG dára fún pípín kiri, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tún un ṣe tẹ́ ẹ sì tún save é ló ń já nǹkan sílẹ̀. Fótò tiwa ní Color ní 600 wọn bíi MB 26 ní TIFF, ẹ má ṣe jẹ́ kíyẹn bà yín lẹ́rù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document, kó má baà fún un pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ṣì ń pè mí pé kí n fi "èyí tó dán yẹn" ránṣẹ́. Mo ti sọ fún wọn pé mi ò save é.