Àwọn Ọkọ̀ Tí Ó Rì Lẹ́yìn Navy Town

Ẹni tí ó bá wọ bọ́ọ̀sì ní Mile 2, tí ó dojú kọ Okokomaiko, yóò gbọ́ tí ọmọ ọkọ̀ ń ké "Alákijà! Alákijà!" Ibẹ̀ ni a ti ń yà sí Navy Town, ibùgbé àwọn ọmọ ogun ojú omi, níbi tí ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ wọn wà. Ojú títì nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ odò ń bẹ lẹ́yìnkùlé, odò tí ó ti Àgbádárìgì wá, tí ó kan Kirikiri, tí ó sì já sí Tin Can àti Àpápá, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù kì í ti í yé wọlé, tí kì í yé jáde. Nítorí odò yìí ni mo ṣe lọ. Mo ti gbọ́ pé ọkọ̀ pọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni máa ń mòòkùn lọ wò wọ́n.

Mo bá èrò wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Àwọn ọkọ̀ tí ó ti kú kò fara pamọ́ tán. Òmíràn fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ní bèbè, ìpẹtà ti sọ ọ́ di aláwọ̀ osùn. Òmíràn rì tán, ó ku òpó kan ṣoṣo tí ẹyẹ ń bà lé. Ibi tí n kò ti rí nǹkan kan rárá ni awakọ̀ wa ti dẹ eré. Ó ní, "Àǹtí, ọ̀kan wà lábẹ́ ibí o. Bí omi bá fà, irin rẹ̀ lè ya ikùn ọkọ̀ wa." Òun pàápàá kò rí i rí, ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́ ni ó fi ibẹ̀ hàn án. Èrò méjìlá ni wá, ìyá ọlọ́mọ kan sì wà láàrin wa.

Bí ọkọ̀ ṣe ń kú sí irú ibi báyìí kò ṣòro í yé. Ọkọ̀ á gbó, gbèsè á wọ̀ ọ́, olówó rẹ̀ á pa á tì, omi iyọ̀ á sì máa jẹ irin rẹ̀ títí yóò fi lu. Èbúté Èkó tilẹ̀ ti rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1975, lẹ́yìn tí ìjọba Gowon ti béèrè fún nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù símẹ́ǹtì, ọkọ̀ tí ó lé ní 400 ni ó tò sí ẹnu èbúté tí wọn kò ríbi já ẹrù. Wàhálà yẹn wà lára ohun tí ó bí èbúté Tin Can, tí wọ́n ṣí ní 1977.

Ní òkèèrè, afẹ́ ni irú nǹkan báyìí. Nínú Òkun Pupa lẹ́bàá Íjíbítì, ọkọ̀ akẹ́rù Thistlegorm, tí bọ́ǹbù Jámánì rì ní 1941, ṣì wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú alùpùpù àti ọkọ̀ ológun nínú rẹ̀; àwọn arìnrìn-àjò a máa pọn sílíńdà afẹ́fẹ́ lọ wò ó. Omi ibẹ̀ mọ́ gaara. Ẹrẹ̀, epo àti ìdọ̀tí ìlú ni ó kún tiwa. Ẹni tí ó bá mòòkùn níbẹ̀ lè má rí ọwọ́ ara rẹ̀. Okùn ni yóò dì mú, tí yóò máa fọwọ́ tọ́ ara irin lọ. N kò ní í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lọ ṣeré níbẹ̀. Àwọn awayanrìn tí ń bá àkàbà sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀sà pẹ̀lú garawa, láìsí sílíńdà, mọ̀ pé iṣẹ́ ni.

Ìtàn Harrison Okene ni ó jẹ́ kí irú iṣẹ́ yìí yé mi jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé etí òkun Escravos ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún 2013, ọkọ̀ Jascon-4 dojú dé pẹ̀lú èèyàn 12, ó sì rì dé nǹkan bí mítà 30. Okene, tí í ṣe alásè, bá ara rẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ há sí nínú ọkọ̀, ó sì lo nǹkan bí 60 wákàtí nínú òkùnkùn. Òkú ni àwọn amòòkùn wá gbé. Ọ̀kan nínú wọn rí ọwọ́ kan, ó rò pé ti òkú ni, àfi bí ọwọ́ náà ṣe dì í mú! Síbẹ̀ wọn kò lè sáré fà á gòkè. Bí èèyàn bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni omi ń tẹ̀ ẹ́ sí i, tí náítírójìn inú afẹ́fẹ́ tí ó ń mí ń wọnú ẹ̀jẹ̀; bí ó bá gòkè wàrà, yóò hó nínú ara rẹ̀ bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Inú yàrá irin kan ni wọ́n fi í sí fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí ara rẹ̀ lè máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òun nìkan ni ó yè. Lẹ́yìn náà ni ó lọ kọ́ṣẹ́ amòòkùn.

NIMASA, tí òfin fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ó rì sí ìkáwọ́ rẹ̀, ti gbé iṣẹ́ kíkó wọn kúrò síta, láti Tin Can títí dé Navy Town gan-an. Ó yẹ kí ó yá, nítorí àwọn èrò inú ọkọ̀ kékeré. Ìlànà àdéhùn Nairobi ti 2007, tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 2015, ni pé ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni yóò san owó kíkó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni ín? Ọ̀dà á ṣí, orúkọ á pa rẹ́. Láti 2004 ni òfin òkun ti ní kí wọ́n jó nọ́ńbà eléèyà méje mọ́ ara irin ọkọ̀ ńlá, tàbí kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí i, kí ó má baà ṣeé parẹ́. Nínú ẹrẹ̀ ẹ̀yìn Navy Town, amòòkùn yóò kọ́kọ́ ha ìkarahun kúrò, kí ó tó máa fi ìka ka nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lára ọkọ̀ tí ó ti rì ṣáájú ìgbà náà, ìka rẹ̀ lè má bá nǹkan kan.